Malome, Olè Tó Kágò

Olè ni wọ́n fi Malome ṣe nínú fíìmù tí wọ́n wá yà ní Letlhakeng, ìlú wa. Olùdarí wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sethunya, ti là á yé e: kó yọ́ dé ẹnu ọ̀nà, kó ti ilẹ̀kùn wọlé, kó gbé rédíò, kó sá. Malome yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí fìlà, ó dúró.

"Àgò onílé o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Sethunya ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. "Malome, olè lẹ̀yin. Olè kì í kágò."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ìyá mi máa wo fíìmù yìí. Ó lè gbà pé mo jalè. Kò ní gbà pé mo wọlé onílé láì kágò."

Wọ́n tún un yà. Ó tún kágò, àmọ́ ó rọra sọ ọ́ torí pé olè ni.

Molatlhegi lorúkọ rẹ̀. Malome là ń pe arákùnrin ìyá ẹni, gbogbo ìlú ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní gìtá. Ibi tó ti ń da màlúù ló ti fi agolo epo àti wáyà ṣe ti àkọ́kọ́. Kò rí ẹni tó máa wò, ló bá gbé ọwọ́ òsì gba orí ọrùn gìtá kọjá, bí ẹni tó gbá ọrùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mú. Tó bá ń ta á, àwọn tó ń jà nídìí ọtí á dákẹ́, wọ́n á ní kó ta á tán kí àwọn tó máa jà lọ.

Torí gìtá yìí ló ṣe gbà láti jalè. Sethunya ti ṣèlérí pé òun á ya ibi tó ti ń ta á. Nǹkan tí Malome ń wá láyé ò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àga sábẹ́ igi morula. Malome gbé gìtá. Sethunya wò ó.

"Malome, ẹ dì í mú bó ṣe yẹ."

"Bó ṣe yẹ mí nìyí."

"Àwọn tó máa wò ó á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n ta."

"Wọn ò létí ni?"

Sethunya pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bá wọn wá láti Gaborone. Ó ní ojú Malome làwọn á yà, ọwọ́ ọmọ yẹn làwọn á fi sí i.

Malome gbé gìtá sílẹ̀. Ó mu tíì rẹ̀ tán. "Ẹ ò tíì ya ibi tí ọlọ́pàá ti mú mi, àbí?"

"Ọ̀la ni."

"Ó dáa. Ẹ yáa fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ yẹn náà."

Ló bá lọ sílé. Nígbà tí Sethunya máa fi bá a, olè rẹ̀ ti ń jẹ ọkà bàbà àti wàrà kíkan. Fíìmù olè tí wọn ò rí olè mú, ta ló máa rà á?

"Malome, ẹ máa bọ̀. Ẹ mú ọwọ́ yín dání."

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ borí rẹ̀ mọ́. Ọlọ́pàá gidi kan dá a dúró lójú títì, ó bi í bóyá wọ́n ti mú un rí. "Wọ́n ti mú mi," Malome ní. "Ó wù wọ́n débi pé wọ́n ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Nígbà tí fíìmù jáde, a ta aṣọ funfun sí ojúde ọba láti wò ó. Malome kágò, a rẹ́rìn-ín títí a fi ṣubú lórí àga. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ kún aṣọ náà, ó gba orí ọrùn gìtá kọjá, ó ń ta. Àwọn obìnrin ké lílílí fún ayọ̀. Ìyá rẹ̀, Mma-Molatlhegi, ò ké.

"Ọwọ́ tí bàbá ẹ fi ń ta gìtá nìyẹn," ó ní.

Bàbá náà ti lọ wa wúrà ní Johannesburg kí wọ́n tó bí Malome, kò sì padà wá. Kò sí fọ́tò rẹ̀ nílé. Malome gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

Malome kú nígbà òjò tó kọjá. Àárọ̀ Sátidé la sin ín. Nírọ̀lẹ́, Mma-Molatlhegi ní ká tún ta aṣọ funfun náà, ká wo fíìmù yẹn. A tún rẹ́rìn-ín olè yẹn. Nígbà tó kan ọwọ́ rẹ̀ lórí gìtá, ẹnì kan ṣì ń rín in lọ lẹ́yìn.

Mma-Molatlhegi yíjú sí i.

"Dákẹ́," ó ní. "Àwọn méjèèjì ń ta á."