Ojú Tíṣà Wa Nínú Fídíò

“Mà, kí ló dé tí ẹ fi gba ẹ̀bi ohun tí ẹ ò sọ?”

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo bi Ìyáàfin Priscilla Bámigbóyè ní ìbéèrè yìí. Àwọn ló ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Kabba. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi to ọ̀rọ̀ náà sínú kí n tó lè sọ ọ́ jáde. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n lọ bomi rin ẹ̀fọ́.

Ìlú Iyah-Gbede ni wọ́n bí tíṣà sí. Inú oko ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ iṣu kí wọ́n tó kà á nínú ìwé. Bí wọ́n bá wọ kíláàsì, wọ́n á ní, “Okun o,” bí a ṣe ń kíni lágbègbè wa, wọ́n á sì dúró títí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á fi dáhùn, kí wọ́n tó mú ṣọ́ọ̀kì.

Lọ́dún yẹn, ilé-iṣẹ́ kan wá láti Abuja. Ọjọ́ méjì ló fi ya fídíò tíṣà, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà ṣe tíṣà mìíràn tó jọ wọ́n bí ìbejì. Ohunkóhun tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti kọ, tíṣà inú fídíò á fi ohùn tíṣà wa sọ ọ́. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í húkọ́.

Tíṣà mú un lọ han ìyá wọn lórí fóònù. Màmá rí ojú ọmọ wọn, wọ́n ní, “Okun o, Priscilla.” Fídíò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Màmá tún kí i. Nígbà tó yá, wọ́n dá fóònù padà, wọ́n ní àwọn ò bí ọmọ tí kì í dáhùn ìkíni. Tíṣà fúnra wọn ló sọ ọ́ fún wa, a sì rẹ́rìn-ín títí.

Tíṣà máa ń kọ́kọ́ wo fídíò tuntun kí wọ́n tó jẹ́ ká wò ó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gbin iṣu, wọ́n lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìsánlú, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé hàn wá. Fídíò náà ní bí a bá ti gé iṣu sí èbù tán, ká gbìn ín lójú ẹsẹ̀.

Destiny nìkan ló sọ̀rọ̀ nínú wa. Ó ní eérú ni bàbá òun máa ń fi pa ojú èbù, wọ́n á sì sá a kó gbẹ.

“Ṣé bàbá ẹ mọ̀ ju tíṣà lọ ni?” Boaz ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo kíláàsì sì fi Destiny ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wa. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mi ò lanu. Ojú tíṣà ni mò ń wò.

A gbin èbù náà lójú ẹsẹ̀. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nínú ọgọ́rùn-ún ebè, mẹ́tàdínlógún ló hù; ìyókù jẹrà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló mú iṣu wá, nítorí náà àwọn òbí fi ìbínú wá sí ìpàdé. Bàbá Boaz, Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer, ní bí ọmọ Iyah-Gbede tó dàgbà sínú oko bá lè kọ́ ọmọ òun báyìí, òun ò ní fi iṣu sílẹ̀ fún oko ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Àwọn tó kù ń mi orí. Tíṣà ló dá oko náà sílẹ̀, ó sì fẹ́ pa rẹ́ lójú wọn.

Ọ̀gá dìde láti ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́. Tíṣà bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jókòó. Tíṣà wá kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí.

“Ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá Boaz gbé iṣu méjì àti garawa eérú kan wá sí oko. Tíṣà sì sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé fídíò tí àwọn ò bá tíì wò kò gbọdọ̀ jáde mọ́.

Ó ti di ọdún mẹ́rin. Mo ti wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti tíṣà ń sá èbù sórí àpò lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní, “O bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́sí.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n fi eérú pa èbù tó wà lọ́wọ́ wọn tán.

“Ojú mi ni ẹ rí tí ẹ fi gbìn ín. Bí wọ́n bá kí ojú yẹn, kò lè dáhùn. Bí wọ́n bá bá a wí, kò lè dáhùn. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ dáhùn.”