Alárenà Tó Bá Tẹlifíṣàn Jà

Ọjọ́ tí orúkọ Tak Mal-sun tàn ká ìlú Daegu ní Kòríà ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan kọ ọkùnrin tó sáré wọlé wá gbé e, tó sì yan èyí tí wọ́n ní kó jókòó kó máa sú u.

Inú ilé kọfí òtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ṣẹlẹ̀. Ye-seul, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, jókòó jẹ́ẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bong-gil jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ohun tó ń dí páìpù omi nígbà òtútù. Lójijì ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Tae-o, ọmọ dókítà, já wọlé, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó gbá ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú.

"Dìde ká lọ! Tèmi ni ẹ́."

Ye-seul wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ páìpù."

Mal-sun fò jáde láti ẹ̀yìn òdòdó tó fara pa mọ́ sí. "Kì í ṣe òun! Ìjẹ lásán nìyẹn, ẹni tó wọlé yìí lọkọ!"

Ìjẹ náà sì ni ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Kí a tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká ro ohun tí tẹlifíṣàn fojú rẹ̀ rí. Alárenà ni Mal-sun. Kò sí ìdílé tí òun kò mọ ẹni tó ń hanrun níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ọmọbìnrin á bi í pé: ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́? Ṣé ẹnu ìyá rẹ̀ kò mú jù? Nígbà tó yá, ìbéèrè yí padà: "Màmá, ṣé ó lè pọ̀n mí lọ sílé bí mo bá mutí yó? Ṣé ó lè dúró dè mí nínú òjò láìmú agboòrùn lọ́wọ́?"

Nínú àwọn eré tẹlifíṣàn tí àwọn ọmọbìnrin ń wò, ìfẹ́ jẹ́ àìsàn tí ọmọ onílé-iṣẹ́ ńlá nìkan ń kó. Á bú ọmọ tálákà: ìfẹ́ ni. Á wọ́ ọ lọ́wọ́ tuurutu: ìfẹ́ ńlá ni. Bí ibà bá wá mú un, tí ọmọbìnrin náà sì se ìrẹsì olómi fún un, ìgbéyàwó di dandan. Ọkùnrin tí alárenà mú wá ńkọ́? Á wọ awò ojú, á jókòó sídìí tábìlì, títí olówó á fi wá já ìyàwó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣeré náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mu kọfí rẹ̀ tán.

Mal-sun tẹ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan láago. "Ẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́! Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin ìdí tábìlì níyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà ń wò ó?"

"Ta ní ń wò ó? Mò ń ṣọ́ wọn ni!"

Nígbà tí wọn kò dá a lóhùn mọ́, ó dá ọgbọ́n tirẹ̀. Bó bá jẹ́ kí a wá já wọn gbà ni àwọn ọmọbìnrin ń fẹ́, òun náà á ṣètò ajánigbà. Á fi ẹni tó ń súni sídìí tábìlì, ọkọ gidi á wá já wọlé. Ẹni tó ń súni ló kù. Ó wo inú ilé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí Bong-gil, oníṣẹ́ páìpù, àpọ́n tó ti lé ní ogójì ọdún.

"Màmá, kí ni kí n máa bá wọn sọ?"

"Sọ nípa iṣẹ́ rẹ. Àwọn fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀kùn."

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìyàwó gba ibẹ̀ lọ ilé ọkọ, títí ó fi dórí Ye-seul. Ìdílé dókítà fárí gá: alárenà ti já ìyàwó àwọn gbà fún ọmọ tirẹ̀! Nínú iṣẹ́ náà, kò sí olè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Bong-gil bá fẹ́ ọmọbìnrin yìí, ilé ńlá kankan kò tún ní ṣílẹ̀kùn fún Mal-sun mọ́. Ló bá ránṣẹ́ pe Ye-seul sí ilé kọfí.

Gbogbo wa la mọ apá yìí nínú eré. Ìyá ọkọ á jókòó ṣánṣán, ife omi á wà níwájú rẹ̀, ọmọ tálákà á sorí kọ́, ìyá náà á sì da omi náà sí i lójú.

"Fi ọmọ mi sílẹ̀," Mal-sun ní. "Kí lo tiẹ̀ rí lára rẹ̀?"

"Mà, ó bi mí bóyá ọ̀rọ̀ òun ń sú mi. Mo ní rárá. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé ìyá òun ti sọ fóun pé gbogbo ayé ni òun máa ń sú."

Mal-sun gbé ife omi sókè. Ye-seul di ojú rẹ̀ pinpin. Mal-sun gbé omi náà mu, kò ṣẹ́ ìkán kan kù, ó fọwọ́ nu ẹnu.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí," ó ní. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣègbéyàwó náà?"

Àwọn ilé ńlá tilẹ̀kùn mọ́ ọn lóòótọ́. Ó wá di ará pálọ̀ ọmọ rẹ̀. Ní alaalẹ́, òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ á jókòó ti ọ̀dùnkún yíyan, Mal-sun á máa bá tẹlifíṣàn jà. Bí ọmọ olówó bá ti gbá ọmọbìnrin lọ́wọ́ mú, á kígbe pé, "Ajínigbé! Ẹ pe ọlọ́pàá!" Á wá yíjú sí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ sídìí tábìlì, á rọ ohùn: "Má dá wọn lóhùn, ọmọ mi. Tìrẹ ń bọ̀."

Ọdún tí Mal-sun kú, eré kan wà tí a rò pé ẹni tó wọ awò ojú máa níyàwó níbẹ̀. Ikú kò jẹ́ kó rí òpin rẹ̀.

Nígbà tí ikú rẹ̀ pé ọdún kan, Bong-gil àti Ye-seul ṣe bí àṣà wọn: wọ́n gbé oúnjẹ síwájú àwòrán rẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè wọlé, wọ́n sì wólẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bong-gil yí tẹlifíṣàn kó dojú kọ àwòrán náà, ó sì fi apá ìparí eré yẹn sí i. Òjò rọ̀. Ọmọ olówó dé. Ó wọ́ ọmọbìnrin náà lọ, wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wo ẹni tó wọ awò ojú.

"Màmá, ẹ má bínú," Bong-gil rọra sọ. "Eré lásán ni."

Ye-seul, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí, dìde. Ó bú ọmọ olówó, ó bú òjò, ó bú ẹni tó kọ eré náà, títí ohùn rẹ̀ fi há. Bong-gil ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò láti sin ẹ̀mí màmá jáde, kí wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé, kò sí ẹni tó lọ pa á.