Àdín Lára Ọta Làmídì

Bí oòrùn bá ti kan àtàrí ní àdúgbò Japara, Fàsásì a gbé ọta òjé mẹ́fà jáde sórí òkúta lẹ́yìn ilé, a jókòó tì wọ́n, a máa wò wọ́n. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ní iṣẹ́ ló mú un rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ń fi òjé da ọta ìbọn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọ̀rá tó fi pa á lára yóò fara da ooru. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni yóò gba èyí gbọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í wo iṣẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò.

Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Òjé tí àwọn apẹja Òde-Omi ń so mọ́ àwọ̀n ló máa ń rà. Á yọ́ ọ lórí iná, á dà á sínú ihò amọ̀ sísun, á sì fi ọ̀rá pa ọta náà kó lè yọ̀ wọ ọ̀fun ìbọn láìhá. Ọ̀rá yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Òrí dára. Ọ̀rá àgbò tí a pò mọ́ ìda oyin ló dára jù. Epo pupa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dárúkọ rẹ̀. Àdín ńkọ́? Àdín a dì gbagidi lásìkò ọyẹ́, oòrùn á yọ díẹ̀, á ti di omi, bí ọ̀rẹ́ tó gbọ́ pé oúnjẹ ti tán nílé wa.

Nígbà tí ogun Ìmágbọ̀n ń bọ̀ lọ́dún 1892, àwa Ìjẹ̀bú fúnra wa la ti ọ̀nà. A ní kí ará òkè má kọjá sí Èkó, kí ará Èkó má kọjá sókè. A ò rántí pé ọ̀nà tí a tì mọ́ ẹlòmíràn ni òrí ń gbà wọlé wá bá wa. Òrí tán lọ́jà. Iléyá kò tíì dé, kò sí ọ̀rá àgbò. Àwọn tó ń fín oyin ti gbé ìbọn lọ sójú ogun. Ọdẹ kan ní òun ní ọ̀rá túùkú nílé, lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Fàsásì ń kírun, kò ní fọwọ́ kan ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ìbáà ṣe ti igbó, ìbáà ṣe ti ilé. Ó wá bu àdín lọ́dọ̀ Asimawu, ìyàwó Làmídì àbúrò rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí àdín rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀ títí dé Òkè-Àgbò. Ó pò ó mọ́ ìda díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó gbé e sílẹ̀ tútù lẹ́bàá àmù. Ilẹ̀ mọ́, ó ti dì, inú rẹ̀ sì dùn. Kò gbé e sóòrùn wò. Ọta wọ̀nyẹn ni Làmídì kó lọ sógun, ó ki ìbọn rẹ̀, àwọn olórí ogun sì ní kí wọ́n dúró de ọ̀tá nínú oòrùn.

Òkú Làmídì kò wálé. Ìbọn rẹ̀ ló wálé. Hàmídù tí wọ́n jọ lọ ló gbé e dé, ó sì ti ọ̀pá bọ ọ̀fun rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀pá náà kò wọlé tán.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ̀tù àti ọta ṣì wà ńbẹ̀. Ọma yìí ò yìn ín rárá."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ; Làmídì gba méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Asimawu ní opó ojo, lójú odò, lọ́jà, àti níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pa ẹ̀kúrọ́.

Fàsásì nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun ló gbé ìbọn náà wọ yàrá, òun ló tú u. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú tó ń ta òórùn àdín. Etí ìbọn, ihò tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀, ti jó, òkúta tó ń ṣá iná sí i ti ré níbi mẹ́ta. Làmídì fà á, ó tún ẹ̀tù rọ sí i létí, ó tún fà á. Ẹ̀tù etí ń gbiná, ti inú ò dáhùn. Fàsásì fi eérú fọ ìbọn náà mọ́ tónítóní. Ó ṣú Asimawu lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó ń tọ́jú rẹ̀, kò sì pariwo mọ́ ọn rí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, etí rẹ̀ a máa gbọ́ òkúta ìbọn: kà, kà, kà. Ẹ̀rù a bà á, a fọwọ́ di etí. Àwọn èèyàn ní orí ló ń fọ́ ọ.

Ó di ọdún kẹrin, Ṣàkírù, àbúrò Asimawu, fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Òde-Omi, kó kó ọjà lọ sí Èkó. Olè pọ̀ lójú ọ̀sà. Ó ra ìbọn ìléwọ́ kan, ó sì wá bẹ Fàsásì kó bá òun da ọta méjìlá. Kí Fàsásì tó dáhùn, Asimawu ti gbé ìkòkò àdín jáde.

"Ẹ fi èyí pa á lára," ó ní. "Òun náà lẹ fi ṣe ti Làmídì. Ọma ìyá mi ni Ṣàkírù, ẹ bá mi ṣe tirẹ̀ dáadáa."

"Ìda oyin ni mo máa wá," Fàsásì ní.

"Kí ló ṣe àdín tèmi?"

"Oòrùn ojú omi ti mú jù fún un."

"Oòrùn ojú ogun ńkọ́?"

Ó lè purọ́. Ó ti fi ọdún mẹ́rin purọ́ láìla ẹnu, ó sì ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n Ṣàkírù ti ti ìka bọ ìkòkò, ó ti ń fi àdín ra ẹnu ìbọn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Fàsásì di ọwọ́ rẹ̀ mú.  Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan eérú.

Asimawu kò sunkún. "Ẹ̀ẹ̀melòó ló fà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹni tó ń sá kì í dúró rọ ẹ̀tù sétí ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta." Ó fọwọ́ nu àdín kúrò lẹ́nu ìbọn Ṣàkírù. "Mo rò pé ẹ ń bá mi ru ẹ̀sín náà ni. Àṣé ẹ̀yin lẹ gbé e rù mí. Kí wọ́n má baà ní ọwọ́ yín ò mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pe àbúrò yín ní ojo."

Fàsásì gbé ìkòkò àdín náà kúrò níwájú Ṣàkírù.

"Ọ̀la ni Jímọ̀," Asimawu ní. "Ẹ ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí."

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Ọdún mẹ́rin péré ni ti Fàsásì, ó sì ti gbó nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kírun tán, ó dìde níwájú àwọn ọkùnrin lórí ẹní. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ. Ó sọ ti àdín, ó sọ ti oòrùn, ó sọ ti ẹ̀tù tó di ẹrẹ̀ àti òkúta tó ré níbi mẹ́ta. Ó ní Làmídì kò sá, òun ló dákẹ́. Ojú ń tì í débi pé ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ bó ti ń sọ̀rọ̀. Hàmídù tó wà ní ìlà iwájú gbé ojú sílẹ̀, kò gbé e sókè mọ́.  Fàsásì rọra tẹ orúnkún láti jókòó.

Ohùn Asimawu jáde láti ẹ̀yìn ọgbà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ẹ tún un sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."