Wọ́n Pa Wolé-wolé Lórí Aṣọ Ìbora

Wọ́n lu ẹ̀gbọ́n mi pa lójú ọ̀nà ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní rògbòdìyàn ló pa á.

Rògbòdìyàn kẹ̀? Ta ló bá jà? Ọkùnrin tí ibà dá dùbúlẹ̀, tí kò lè dá omi mu?

Onígbàjámọ̀ ni. Wọn ò tíì dá a lẹ́jọ́ rárá. Nínú yàrá tí èèyàn há sí bí igi ìdáná, òun ló ń fárí fún wọn kí iná orí má jẹ wọ́n pa, òun ló ń lé wọn dìde pé kí wọ́n sá ẹní, kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Wọ́n bá sọ ọ́ ní Wolé-wolé. Wọ́n á ní, "Ẹ tètè gbálẹ̀ o, wolé-wolé yìí kì í gba ẹ̀gúnjẹ."

Òfin ọgbà yẹn ni pé kí aláìsàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ojú fèrèsé nọ́ọ̀sì. Àìsàn wo ló ń dúró kéèyàn wọ bàtà? Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àwọn mẹ́rin nínú yàrá rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìbora, wọ́n gbé e jáde. Ọ̀gá wọ́dà ní wọ́n fẹ́ sá lọ. Ni kóńdó bá ń rọ̀ lé wọn. Wọ́n dá ọ̀kan lápá, wọ́n la èkejì lórí, síbẹ̀ àwọn mẹ́rin náà ò jù ú sílẹ̀ títí agbára fi pin. Ẹ̀gbọ́n mi já lu sìmẹ́ǹtì. Àwọn wọ́dà fi bàtà tẹ̀ ẹ́ láyà, wọ́n ní kó dìde. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọmọ yàrá wọn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyàwó bi í pé, "Ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ń gbé òun lọ?"

"Ó mọ̀, àǹtí. Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, kí wọ́n má ṣèṣe."

Àwọn mẹ́rin yẹn wà nínú yàrá òkùnkùn báyìí, láìsí oògùn, wọ́n fẹ̀sùn rògbòdìyàn kàn wọ́n. Ṣé àánú ti di ọ̀ràn ni?

Ẹ̀yin aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ dárúkọ ẹni tó pàṣẹ. Ẹ jẹ́ kí dókítà tí kì í ṣe tiyín yẹ òkú wò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fáwọn mẹ́rin náà lónìí, torí ẹni tẹ́ ẹ là lórí kò tíì kú.