Rọ́bà Ẹnu Wáyà

Díẹ̀ ló kù kí n lọ bá oníṣọ́ọ̀bù kan jà l'Ójota lónìí.

Mo ra DAC, àpótí kékeré tó ń túmọ̀ ohùn tẹlifíṣọ̀n fún sítẹ́rió mi àtijọ́. Mo so ó tán, kò dún. Bí mo ṣe ń wọ bàtà láti lọ dá a padà, ìyàwó mi fa wáyà tó ti ara tẹlifíṣọ̀n wá yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Daddy Ṣadé, kí ni rọ́bà yìí ń ṣe lẹ́nu ẹ̀?"

"Mo fi í sílẹ̀ kó má tètè gbó ni."

"Bíi ọ̀rá tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí àga!"

Ó yọ rọ́bà náà. Ìmọ́lẹ̀ pupa hàn lẹ́nu wáyà. Ó tún ki wáyà náà bọ inú àpótí, orin bẹ̀rẹ̀.

Kò sí bàbà kankan nínú wáyà yìí o, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gbé orin?