Pátákó Lọ́rùn Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Pápá Àjàó, mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Mo ti ń pọn omi, mo ti ń bá ìyá mi bó ẹ̀wà àkàrà, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Ní ilé ìwé wa, èèwọ̀ ni Yorùbá. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á fi pátákó kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí ẹlòmíràn yóò fi ṣì í sọ. Ẹni tí pátákó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago ìparí bá dún ni tíṣà máa nà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Bí odi la ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọrùn tèmi ló di ilé pátákó náà. Nígbà tí ẹgba sú mi, mo ní n kò lọ mọ́. Bàbá mi ní kò burú, kí n lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ìyá mi ní, “Lọ lónìí ná. Màá gbé oúnjẹ rẹ wá.”

Ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná dé nígbà tí a jáde ìsinmi. Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Màámi.” Kíá, ọmọ tí pátákó wà lọ́rùn rẹ̀ gbé e kọ́ mi.

Ìyá mi bọ́ ọ, ó fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó lọ bá tíṣà.

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá. Èmi ni kí ẹ nà.”

Tíṣà ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé òfin ni. Ìyá mi dá a dúró.

“Òyìnbó ará Sẹ́bíà, tí kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkọ mi ń wa ọkọ̀ fún. Èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé, òun náà ni ìjọba wọn fi ń ṣiṣẹ́. Ta ló fi pátákó kọ́ òun lọ́rùn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bọ́ ọ.” Yorùbá ni tíṣà fi sọ ọ́.

Ìyá mi bọ́ ọ, ó nà án sí i. “Ó kàn yín nìyẹn.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sì fi pátákó sábẹ́ tábìlì. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ajé, pátákó ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn.

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi kò mọ pátákó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kí mi, èmi náà á sì fi dáhùn. Ó ti rẹ̀ mí. Ìyàwó mi ni a jọ ń sọ Yorùbá, ó sì ti di olóògbé. Bí ìyá mi bá gbé ẹ̀kọ wọ ilé yìí lónìí, èmi nìkan ni màá mọ bí a ṣe ń kí i káàbọ̀.