Ọmọbìnrin Tó Kúnlẹ̀ Níwájú Káńtà Wa

Mo ti purọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò sí lára irọ́ náà. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì wà lóde.

Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lápá Goresbrook, ní Dagenham níbí. Ẹ̀gbọ́n Délé ló ni ín. Òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. A ń ta gaàrí, a ń ta iṣu, a sì ń ta ọtí líle àti sìgá.

Òfin ọtí àti sìgá ò ṣòro. Ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún méjìdínlógún, a ò gbọ́dọ̀ tà fún un. Ẹni tójú ẹ̀ bá kéré, ká ní kó mú káàdì tó ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá. Bí a bá lé e padà, ká kọ ọ́ sínú ìwé kan tó wà lábẹ́ káńtà: ọjọ́ tó wá, aago, bó ṣe rí. Ìwé yẹn làwọn ará káńsù máa ń bèèrè bí wọ́n bá yọ sí wa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, àṣà ilé la gbé wá síbí. Nílé, ta ni kì í rán ọmọ ní ọtí? Àlejò jókòó ti bàbá, ọmọ gba ìgò, ó ti sáré lọ. Bí ọmọ kan bá ti kúnlẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n Délé ní Yorùbá, ó parí.

"Àbúrò, o ti di òyìnbó," ló fi máa ń ṣe mí yẹ̀yẹ́. "Ọmọ tó kúnlẹ̀ nínú London yìí, káàdì wo lo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Ìkúnlẹ̀ ẹ̀ ni káàdì!"

Báyẹn ló ṣe ta ìgò fódíkà fún ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ Sátidé. Mo wà níbẹ̀, mò ń to agolo mílíìkì. Ọmọ náà di irun, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa sí i. "Ẹ káàsán sà. Dádì ló rán mi. A ní àlejò."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa. Bá mi kí Dádì o."

Kò sí àlejò kankan. Ọmọ náà nìkan ló jókòó mu ún nínú páàkì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Bí a ṣe gbọ́, Ẹ̀gbọ́n pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà ká sílẹ̀ rẹ́. Ó gbé ìwé abẹ́ káńtà síwájú mi. "Àbúrò, kọ ọ́ pé o lé e. Mo bẹ̀ ọ́, torí Ọlọ́run." Mo rò ó pé ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni. Mo kọ ọ́: ọmọbìnrin, ìlẹ̀kẹ̀ pupa, kò ní káàdì, a ò tà fún un.

Àwọn ọlọ́pàá tó wá wádìí kà á, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn wọn ni bàbá ọmọ náà wá, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ń gbé ní Upney. Ó di ọwọ́ mi mú. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ò tà fún un. Bí ẹ ṣe ṣe sí ọmọ mi ni kí Ọlọ́run ṣe sí tiyín."

Mo ṣe àmín. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo la ẹnu, mo ṣe àmín.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ṣí. Òtútù wọlé bíi pé ẹnì kan ṣí fírísà. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó ń ró, kí n tó gbójú sókè.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà."

Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́. Bóyá ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni. "Káàdì ẹ dà?"

"Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè?" Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìgò.

Ẹ̀gbọ́n Délé jáde láti yàrá ẹ̀yìn, fóònù wà létí ẹ̀. Ọmọ náà yí sí i lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà. Dádì ló rán mi."

Ẹ̀gbọ́n ò wojú. Ìkúnlẹ̀ ló rí. "Ọmọ dáadáa," ló wí, ó nawọ́ mú ìgò kan, ó nà án sí i. Ìka kan ìka. Ìgbà yẹn ló tó wo ojú rẹ̀.

Kò pariwo. Ṣe ló rọra rọ sílẹ̀ bí àpò gaàrí tó jò. Ọmọ náà fẹnu sún mọ́ etí ẹ̀. "Ẹ ṣeun sà. Ẹ bá mi mu ún."

Títí dòní, Ẹ̀gbọ́n Délé tí kò fẹnu kan ọtí rí ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá mí, fódíkà ló ń rùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn kúrò nítòsí ẹ̀. Kí n má tan yín, ó tọ́ sí i.

Èmi ńkọ́? Kí ọmọbìnrin náà tó jáde lọ́jọ́ náà, ó yíjú sí mi. "Ọmọ yín obìnrin ńkọ́, sà? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Mo fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri.

"Tó bá pé mẹ́rìndínlógún, màá wá kí i."

Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ mi máa pé e. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà bàbá yẹn ní Upney lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo gbọ́ ọ nínú ilé tó ń kọrin ìyìn, tí ẹsẹ̀ mi gbé mi padà. Bí mo bá jẹ́wọ́, á gégùn-ún lé mi lórí. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, àdúrà tó gbà fún mi ti di ègún ná, èmi ni mo ṣe àmín sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn káńtà, ní Barking, ní Becontree, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, bí ọmọ bá kúnlẹ̀ fún yín, ẹ gbé e dìde. Ẹ wojú rẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí ọdún rẹ̀ ṣì ń lé sí i.